Àwọn Ọmọ Tí Ìgboro Tọ́ ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin

Orúkọ rere ni àwọn àdúgbò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ń jẹ́. Àwọn àgbà a máa sọ pé igi iṣin ló fún Muṣin lórúkọ, nítorí pé àwọn èrò ọ̀nà a máa yà síbẹ̀ láti mú iṣin jẹ kí wọ́n tó bá ìrìn wọn lọ. Sùúrùlérè ní tirẹ̀ kò fẹ́ ìtumọ̀: sùúrù ní èrè. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Muṣin létí ẹlòmíràn lónìí, kì í ṣe èso ló ń wá sí i lọ́kàn bí kò ṣe àdá, àkúfọ́ ìgò àti ìbọn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wáṣẹ́ lọ, tí ó sì sọ àdúgbò tí ó ti wá, ojú ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ lè yí padà. A ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ ń wí pé ńṣe ni a bí ìjà mọ́ ọmọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé lé orí ìwọ̀n ìtàn kí a lè mọ bí ó ti wúwo tó. A kò kọ̀wé láti gbèjà ẹni tí ó gbé ohun ìjà sí ọmọnìkejì rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí a bá ta sílẹ̀ kò ní àwíjàre. Ohun tí a ń béèrè ni pé, ta ni ó kọ́kọ́ fi ohun ìjà lé ọmọ lọ́wọ́? Àti pé, nígbà tí ọ̀nà burúkú ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wọn, kí ni ó dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dúró tí wọn kò fi gbà á?

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ eku. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọdún 1930. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà wò ó pé àwọn ilé tí ó há mọ́ra wọn ní erékùṣù ni àrùn náà ti ń rí ibùgbé. Nítorí náà, ní ọdún 1928, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún Èkó ṣe, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí L.E.D.B. Yábàá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a la òpópónà títọ́ sí tí a sì pín ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ní ọdún 1932 àwọn ìjọ C.M.S. àti Mẹ́tọ́díìsì dá Igbóbì College sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1934 a ṣí Yaba Higher College. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní Yábàá ní òwúrọ̀ ní ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ tí ó wọ aṣọ mímọ́, tí wọ́n di ìwé mọ́ abíyá, ni yóò rí.

Ṣùgbọ́n kí ó rékọjá afárá lọ sí erékùṣù, yóò rí àwọn ọmọ mìíràn tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti àwọn wọ̀nyí lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1920 lọ ni àwọn ìwé ìròyìn Èkó ti ń ké rara nípa àwọn tí a ń pè ní jàgùdà, tí wọn a máa kó ara wọn jọ láti já owó gbà tàbí láti yọ ọ́ nínú àpò àwọn èrò ọjà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, tí àwọn ọmọ ogun àti àwọn awakọ̀ òkun kún Èkó, ẹgbẹ́ mìíràn yọjú, àwọn Boma Boys. Iṣẹ́ ti àwọn wọ̀nyí ni láti mú àjòjì láti etíkun lọ sí ilé ọtí àti ilé àwọn aṣẹ́wó, kí wọ́n sì gba owó ọ̀yà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo èyí dáadáa. Kò sí Boma Boy kan tí ó ní ilé ọtí. Kò sí ọ̀kan tí ó ni ọkọ̀ tí ó kó àwọn awakọ̀ náà wá. Àgbàlagbà ló ni ọjà náà, àgbàlagbà ló ń rà á. Ọmọdé tí ó dúró láàrin wọn ni a wá fún ní orúkọ burúkú, òun náà ni a sì ń nà.

Ní ọdún 1941, ìjọba rán Ọ̀gbẹ́ni Donald Faulkner láti wádìí ọ̀ràn àwọn ọmọ ìgboro Èkó. Ṣáájú àkókò yìí, ohun tí àwọn adájọ́ mọ̀ jù ni kí wọ́n na ọmọ ní pàṣán tàbí kí wọ́n dá a padà sí ìlú tí ó ti wá, àwọn mìíràn a sì tún padà sí Èkó kí ojú egbò tó jinná. Lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ ni a dá ọ́fíìsì ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀ ní Èkó, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣe olórí rẹ̀. Ní ọdún 1943 a ṣe òfin fún àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́, tí ó fún wọn ní ilé ẹjọ́ tiwọn, yàtọ̀ sí ti àgbà. A ṣí ilé ìgbé fún àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò sùn, a sì dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. Iṣẹ́ yìí ní àbùkù tirẹ̀, nítorí pé àwọn olùtọ́jú náà a máa rí ọmọ tí ń kiri ọjà fún ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó ti sọnù, àwọn ìyá Èkó sì jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Síbẹ̀ ìgbà yìí ni ìjọba Èkó kọ́kọ́ gbà pé kì í ṣe ìwà ọmọ nìkan ni kí a wádìí, pé ó yẹ kí a béèrè ibi tí ó sùn lóru àná.

A dé ọdún 1955 wàyí. Ọdún yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ nínú ìtàn wa, nítorí pé ohun méjì ni ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan tú ilé ká, èkejì ṣí ilé sílẹ̀.

Èyí tí ó tú ilé ká ni wíwó tí a wó àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó. Òmìnira ń bọ̀, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ olú-ìlú tí ojú kò ní tì wọ́n láti fi han àlejò. Ìgbìmọ̀ L.E.D.B. gba ìlẹ̀ tí ó tó 70 ékà, ilé tí a ti jogún láti ọwọ́ baba ńlá, wọ́n sì kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè fún àwọn tí ilé wọn wó. Àwọn ilé náà mọ́, wọ́n ní omi ẹ̀rọ, àyè sì wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, ará ìlú Òyìnbó tí ó wá wo ọ̀ràn náà tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, rí ohun tí àwọn tí ó ya àwòrán ilé kò rí. Ìyá tí ó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní erékùṣù kò rí oníbàárà mọ́ ní Sùúrùlérè. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ń jẹun nínú àwo kan náà di ẹni tí ń rí ara wọn ní ọjọ́ ìsinmi nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọmọ. Yorùbá ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Nínú agbo-ilé ti Èkó àtijọ́, bí ìyá kò bá sí nílé, ìyá àgbà wà. Bí bàbá bá lọ síbi iṣẹ́, bàbá kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí ó bá gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ wọlé yóò dáhùn ìbéèrè lẹ́nu ẹni márùn-ún kí ó tó dé yàrá. Nígbà tí a wó agbo-ilé, a kó bíríkì kúrò, a kó ojú igba ènìyàn pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó kọ iye ojú náà sínú ìwé ìṣirò, a kò sì rí ẹni tí ó san owó gbà-máà-bínú lé e lórí.

Ohun kejì ti ọdún 1955 jẹ́ rere. Ní ọdún 1954 ni a ti ya Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Muṣin kù sí òdì kejì ààlà, ó wà lábẹ́ Ìbàdàn. Nítorí náà ni àwọn òfin ìlú Èkó kò fi dé ibẹ̀, ilẹ̀ sì dínwó. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí wọn kò rí owó ilé san ń rọ́ wá síbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí owó kó jọ a kọ́ ilé olójúlé púpọ̀, yàrá dojú kọ yàrá, ìdílé kan nínú yàrá kan. Gọ́tà kò sí, títì kò sí, ilé-ìwé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ọmọ Muṣin sì jẹ nínú rẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú ọmọ Èkó, tí ti wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ lébírà wọ kíláàsì láìsan kọ́bọ̀. A fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Ìjọba tí ó ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ náà ni ìjà ọ̀ṣèlú tú ká. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pín sí méjì ní ọdún 1962. Nígbà tí a dìbò ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé a jí ìbò wọn gbé, ilẹ̀ gbiná. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wẹ́tíẹ̀ wọ èdè wa: wọn a da bẹntiróòlù sí ara ilé, tàbí sí ara ènìyàn, wọn a sì ṣáná sí i. Muṣin wà lára ibi tí ọwọ́ iná náà ti le jù, nítorí pé ẹnu ọ̀nà Èkó ló wà, ọ̀pọ̀ èrò ló sì ń gbabẹ̀ kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ ni ọwọ́ wọn di agolo bẹntiróòlù mú, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí kò rí owó oúnjẹ kò lè fi owó ara rẹ̀ ra bẹntiróòlù tí yóò jó odindi àdúgbò. Àwọn olóṣèlú ti ẹgbẹ́ méjèèjì ni wọ́n kó àwọn tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀gì jọ, tí wọ́n fún wọn lówó, tí wọ́n fún wọn lóúnjẹ, tí wọ́n sì ṣèlérí pé ọlọ́pàá kò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn olóṣèlú fọ́n ká. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò rí ibi fọ́n ká sí. Muṣin ni ilé wọn, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn sì wà lára wọn. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ní ti Muṣin, eérú náà fẹ́ bá ọmọ tí kò sí níbi tí a ti dà á.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1970, ìbọn kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Ìjọba ológun ṣe òfin ní ọdún náà pé ikú ni èrè ìdigunjalè. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 ni a yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, tí wọ́n ń pè ní Dókítà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létíkun Bar Beach, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì lọ wòran. A rò pé èyí yóò dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́. Ìdigunjalè kò dáwọ́ dúró. Bóyá ohun tí àwọn ọmọ tí ó gbọ́ ìròyìn náà rí kọ́ ni pé ìbọn ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, yálà ó wà lọ́wọ́ olè tàbí lọ́wọ́ ìjọba.

Ní àkókò yìí, èrò ti pọ̀ ju kíláàsì lọ ní Èkó, tí ilé-ìwé kan náà fi ń gba àwọn kan ní òwúrọ̀, tí ó sì ń gba àwọn mìíràn ní ọ̀sán. Ọmọ tí ó bá lọ ní òwúrọ̀ yóò wà ní ìgboro láti ọ̀sán títí ìyá rẹ̀ yóò fi ti ọjà dé. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè di gómìnà ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ó kọ́ ilé-ìwé sí ibi gbogbo, ó sì fòpin sí ètò òwúrọ̀ àti ọ̀sán yìí. Àwọn alátakò fi àwọn ilé gbọọrọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìyẹ ni. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti fẹ́. Ọmọ tí ó wà lábẹ́ òrùlé náà títí di ọ̀sán gangan kò sí lábẹ́ ìkáwọ́ ẹni tí ń wá ọmọ tí yóò rán níṣẹ́ ibi.

Ìwọ̀n ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1986, ìjọba ológun gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé kalẹ̀. Iye owó náírà já wálẹ̀, ilé-iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, bàbá tí ń sanwó ilé-ìwé kò rí i san mọ́. Láti ìgbà náà ni orúkọ mìíràn ti gbilẹ̀, Area Boys, àwọn tí a ń pè ní ọmọ ìta, tí wọn a máa gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ àti ọlọ́jà. Bí ìbò bá sì ti ń bọ̀, a rí ẹni tí yóò wá kí wọn nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú. Kí a má sì rò pé láti inú òṣì nìkan ni gbogbo ibi ti ń wá. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1952 kò gbé ohun ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ di ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ń pànìyàn, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Ifẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1999. Láti ọgbà àwọn ọ̀mọ̀wé ni irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti sọ̀ kalẹ̀ wọ Muṣin àti Bàrígà, títí tí ọmọ tí kò tíì parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ń búra nínú wọn.

Báwo ni ọmọ ṣe ń dé ibẹ̀? Kì í ṣe ìbọn ni a kọ́kọ́ ń fi lé e lọ́wọ́. Wọn a rán an pé kí ó lọ ra sìgá wá, wọn a sì ní kí ó mú ṣéńjì. Lẹ́yìn èyí, wọn a ní kí ó dúró ní ìkòríta, kí ó máa súfèé bí ó bá rí ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ kan wọn a fún un ní àpò kan, wọn a ní kí ó fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn ni ó ti wọlé tán, kò sì mọ ìgbà tí ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Àwọn mìíràn ń wọlé nítorí ẹ̀rù. Bí àdúgbò méjì bá ń jà, ọmọ tí ó dá rìn ni a máa ń mú. Àìkówọ̀ọ́rìn ejò, wọ́n ní, ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ọlọ́pàá kì í sì í fi ìgbà gbogbo dá ọmọ rere mọ̀ kúrò lára ọmọ burúkú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ dìde lòdì sí ìwà ìkà ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS. Ìjọba kéde ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà pé òun ti tú u ká, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ìbọn dún ní Sùúrùlérè, ẹ̀mí sì bọ́.

Ẹni tí ó bá ṣì rò pé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Muṣin ni ìjà wà, kí ó bá wa rékọjá òkun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ọmọ Èkó kan, Damilola Taylor, bá ìyá rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń wá ìwòsàn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Peckham ni wọ́n ń gbé, láàrin àwọn ilé ńláńlá tí ìjọba kọ́ fún àwọn tálákà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún náà, bí ó ti ń ti ilé ìkàwé bọ̀, a fi àkúfọ́ ìgò gún un lẹ́sẹ̀, ó sì kú nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ó pé ọmọ ọdún 11. Àwọn ọmọ ìyá méjì tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní ọdún 2006 jẹ́ ọmọ ọdún 12 àti 13 nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Wọn kò mọ ọ̀nà Muṣin. Ṣùgbọ́n ilé tí ó há, ìrọ̀lẹ́ tí kò sí ẹni tí ń wo ọmọ, àti ẹgbẹ́ tí ọmọdé ń sá lọ bá, ìwọ̀nyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn òbí Damilola dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ wọn láti ran àwọn ọmọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n sunkún, wọn kò sì fi ẹkún mọ.

Nísinsìnyí a lè dáhùn ìbéèrè wa. Láti ìgbà àwọn Boma Boys títí di òní, a kò rí ìgbà kan tí ọmọdé fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dá ọjà ibi sílẹ̀. Àgbà ni ó ń pè é, àgbà ni ó ń jèrè, àgbà náà ni ó sì ń jókòó ṣèdájọ́. Ohun tí ó dá àwọn yòókù dúró kò sì ṣòro láti rí: ilé tí ojú púpọ̀ wà, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé tí a kò tì mọ́ ọmọ tálákà, àti ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó gba ọmọ sọ́dọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Muṣin ni ó di olùkọ́, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì àti télọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìròyìn, nítorí pé ẹni tí kò jà kì í di ìròyìn.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ọmọ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, tàbí tí ó ń sùn lórí ìwé, ẹ béèrè ibi tí ó sùn lóru àná kí ẹ tó na ọwọ́ sí pàṣán. Bí ẹ bá rí ọ̀nà láti ṣí kíláàsì kan sílẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn agogo ìkẹyìn, ẹ ṣí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá rán yín níṣẹ́, tí ó sì fún yín ní owó tí ó ju iṣẹ́ náà lọ, ẹ mọ̀ pé ó ku iṣẹ́ mìíràn tí kò tíì sọ. Ẹ wí fún ìyá yín lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má sì fi àdúgbò bú ẹlẹgbẹ́ yín. Ọmọ tí ó ti Muṣin wá tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ti gba ojú ogun kọjá kí ó tó dé ilé-ìwé ní òwúrọ̀ yìí, síbẹ̀ ó dé, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.